Ìràwọ̀ onírù tó ṣe àlejò oòrùn wa ti ń lọ: kí ni wọ́n rí lára rẹ̀ gan-an?

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó ọjà, kì í ṣe ti ẹnubodè. Ọ̀rọ̀ ohun kan tó gba ojú sánmà kọjá ni, tí ariwo rẹ̀ kún inú fóònù wa, bẹ́ẹ̀ ojú ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí i. 3I/ATLAS ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sánmà sọ ọ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni fídíò àti ohùn ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí WhatsApp: pé ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá kan tí kì í ṣe ọmọ ènìyàn ni, pé ó ń bọ̀ wá kọlu ayé, pé Amẹ́ríkà mọ̀, ó kàn ń fi í pamọ́ ni. A gbọ́ ọ ní Faransé, a gbọ́ ọ ní Yorùbá. Ìyá kan tó ń ta aṣọ bi wá léèrè bóyá kí òun ra ọjà ọdún, tàbí kí òun dúró wo ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí.

Ìbéèrè yẹn ló mú ká jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìyá náà lóhùn kò lè kàn sọ pé irọ́ ni kó sì máa lọ. Ó ní láti sọ ohun tí nǹkan ọ̀hún jẹ́, àti bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n.

Ká kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró. Ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2025 ni 3I/ATLAS súnmọ́ ayé jù lọ, ó sì ti kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń sọ pé ó súnmọ́ yìí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 kìlómítà ló wà láàárín òun àti àwa. Ẹ wo òṣùpá lókè: ìlọ́po 700 ọ̀nà tó lọ sí òṣùpá nìyẹn. Oòrùn pàápàá súnmọ́ wa jù ú lọ. Ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò lè kọlu ẹnikẹ́ni níbí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Parakou kò ṣe lè tẹ ọmọ tó ń ṣeré ní Àjàṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Kò sì sí ojú lásán tó rí i. Àfi ẹni tó bá ní awò awọ̀nàjíjìn, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tó wà lókèèrè. Nítorí náà, fídíò èyíkéyìí tí wọ́n fi fóònù yà, tí iná ńlá onírù gígùn ń gba orí ilé kọjá, tí wọ́n wá kọ 3I/ATLAS sí i lábẹ́, ohun mìíràn ni, tàbí kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é.

Orúkọ tí a ń pè é ní Yorùbá gan-an fẹ́ tàn wá díẹ̀. Ìràwọ̀ onírù kì í ṣe ìràwọ̀. Ìràwọ̀ gidi ní iná tirẹ̀ nínú, bí oòrùn. Èyí kò ní iná kankan. Omi dídì ni, tó dàpọ̀ mọ́ eruku àti òkúta, àti oríṣiríṣi gáàsì tí òtútù ti mú dì gbagidi. Nígbà tó bá wà lọ́nà jíjìn sí oòrùn, ó dúdú, ó dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà. Bó bá ti ń súnmọ́ oòrùn ni ooru á bẹ̀rẹ̀ sí sọ àwọn ohun dídì náà di gáàsì, láì jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ yọ́ di omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ mọ irú rẹ̀. Káńfọ̀ tí ẹ ń jù sínú àpótí, èyí tí àwọn kan ń pè ní náfùtálínì, kì í yọ́, kì í ṣàn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ óò rí i pé ó ti kéré, òórùn rẹ̀ ló kù tó kún àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ onírù ṣe ń tú ara rẹ̀ ká sínú òfuurufú. Gáàsì àti eruku tó tú jáde yẹn á yí i ká bí ìkùukùu, oòrùn á sì máa tì wọ́n sẹ́yìn títí wọn yóò fi di ìrù.

Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, torí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tó kù: ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń tú síta. Ẹni tó ń kọjá lẹ́yìnkùlé yín ti mọ̀ pé ẹja ni ẹ ń yan, kò tíì yọjú wo inú ilé.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àlejò ni? Àwọn ìràwọ̀ onírù tí àwọn bàbá wa ti ń rí láti ayébáyé, ti oòrùn wa ni wọ́n. Wọ́n ń yí i ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Bó ti wù kí okùn náà gùn tó, wọ́n á yí padà wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Halley ń padà dé ní nǹkan bí ọdún 76 síra wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025, awò kan ní Río Hurtado, ní orílẹ̀-èdè Chile, tó jẹ́ ara àwọn awò ATLAS tó ń ṣọ́ sánmà lóru, rí ohun kékeré kan tó ń rìn. Nígbà tí wọ́n ṣírò ìrìn rẹ̀, wọ́n rí i pé kò sí okùn lọ́rùn tirẹ̀. Eré tó ń sá ju ohun tí oòrùn lè dá dúró lọ. Kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí fà á rárá, nǹkan bíi kìlómítà 58 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tó dé ibi tó ti súnmọ́ oòrùn jù, ní ìparí oṣù kẹwàá, ó ti di 68. Kí ẹni tó jókòó sórí zẹ́mìjàn ní Kútọnu tó sọ pé ká lọ, ó ti kọjá Àjàṣẹ́. Ohun tó ń sáré báyìí kò wá láti inú agbolé oòrùn wa, kò sì ní padà. Lẹ́tà I tó wà nínú orúkọ rẹ̀ dúró fún ohun tó wá láti àárín àwọn ìràwọ̀. Nọ́ńbà 3 sọ pé òun ni ẹ̀kẹta tí ọmọ ènìyàn rí.

Ẹ̀kìíní dé ní 2017. Awò kan ní erékùṣù Hawaii ló rí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ ní èdè ìbílẹ̀ ibẹ̀, ʻOumuamua, tó túmọ̀ sí ońṣẹ́ tó ti òkèèrè kọ́kọ́ dé. (Orúkọ yẹn dùn mọ́ wa nínú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń rántí àwọn onílẹ̀.) Òun ló da àwọn onímọ̀ láàmú jù. Kò ní ìrù tí wọ́n rí. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀, ó ń dín, bí ìgbà tí ẹnì kan ń yí àdá lójú oòrùn, èyí tó fi hàn pé ó gùn tàbí ó pẹlẹbẹ. Wọ́n tún rí i pé nǹkan kan ń tì í díẹ̀díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí oòrùn nìkan ì bá fà á gbà. Ìgbà tí wọ́n sì fi rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, ó ti ń lọ. Nínú àìtó àsìkò yẹn ni àríyànjiyàn ti bẹ́. Avi Loeb, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Harvard, ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí ọwọ́ ẹ̀dá olóye kan ṣe. Jennifer Bergner àti Darryl Seligman ṣàlàyé ní 2023 pé gáàsì háídírójìn tó há sínú omi dídì rẹ̀ ni ó ń jáde tó sì ń tì í, láìsí ìrù tí ojú lè rí.

Ẹ̀kejì kò fa ìjà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gennadiy Borisov ló rí i ní Crimea, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2019, pẹ̀lú awò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Ìrù rẹ̀ hàn kedere, gáàsì tó sì pọ̀ lára rẹ̀ ju ti àwọn tiwa lọ ni carbon monoxide, èyí kan náà tó ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí iná èédú sínú yàrá tí wọ́n tì pa. Ó fi ìlọ́po 9 sí 26 ju bó ṣe máa ń wà lára ìràwọ̀ onírù tiwa. Gáàsì yẹn kì í dì àfi níbi tí òtútù ti le gan-an. Ẹ ò rí i pé ohun kan ṣoṣo yẹn ti sọ irú ibi tí wọ́n bí i sí.

Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ gáàsì tó wà lára ohun tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn? Ẹ rántí òṣùmàrè. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dà bí ohun funfun lójú wa, bó bá gba inú ẹ̀kán omi òjò kọjá, á pín sí oríṣiríṣi àwọ̀, láti orí pupa dé orí àwọ̀ aró. Àwọn onímọ̀ ní ohun èlò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú awò wọn, ó kàn ń pín in wẹ́wẹ́ ju bí òjò ṣe ń pín in lọ ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti gba inú gáàsì kan kọjá, tàbí tó bá jáde láti inú rẹ̀, gáàsì náà á kọ ilà sí i, ní ojú ibi pàtó láàárín àwọn àwọ̀ náà. Ilà omi yàtọ̀ sí ti irin, ti irin yàtọ̀ sí ti níkẹ́ẹ̀lì. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, bí àlejò bá wọ ọjà, wọn kì í tíì bi í léèrè kí wọ́n tó mọ ìlú rẹ̀. Ilà ojú rẹ̀ ti sọ ọ́. Ohun kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan lè kọ ilà ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ilà inú ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé fi purọ́, torí bí ohun náà ṣe jẹ́ láti ìpìlẹ̀ ló kọ ọ́, wọ́n sì ti yẹ irú ilà kan náà wò nínú yàrá àyẹ̀wò lórí ilẹ̀ ayé níbí.

Pẹ̀lú ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi ka ojú 3I/ATLAS. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n yí awò ńlá James Webb, tó wà lókè nínú òfuurufú, sí i. Ilà tó tàn jù níbẹ̀ kì í ṣe ti omi. Ti carbon dioxide ni, gáàsì tí à ń mí síta, tí wọ́n sì máa ń fi sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kó lè hó. Ó tó ìlọ́po mẹ́jọ omi tó ń tú jáde lára rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ onírù tiwa, omi ló máa ń pọ̀ jù. Kí ló fà á? Àlàyé méjì ló wà nílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n bí i sí, lẹ́bàá ìràwọ̀ mìíràn, jẹ́ ibi tí carbon dioxide ti dì púpọ̀. Àwọn kan sì sọ pé ìtànṣán tó ń fò káàkiri àárín ìràwọ̀ ti se ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí a ń rí yìí fi jẹ́ èèpo lásán. Iṣu tó pẹ́ lórí iná, èèpo rẹ̀ kì í sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Lójú tiwa, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù tó kù nìyí. Bó bá jẹ́ èèpo ni wọ́n kà, a jẹ́ pé a kò tíì mọ ìlú àlejò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ aṣọ tó wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí rẹ̀ ló sì ń mú àlàyé kejì yẹn lágbára. Àwọn onímọ̀ kan ní Oxford, tí Matthew Hopkins wà lára wọn, wo eré tó ń sá àti apá ibi tó ti wá, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó ti lé ní mílíáàdì 7 ọdún. Oòrùn wa kò ju mílíáàdì 4.6 lọ. Ìyẹn ni pé ohun yìí ti ń rìn kiri kí oòrùn tó tàn, kí ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí tó wà rárá.

Bó ṣe tóbi tó ńkọ́? Èyí ṣòro ju bí ènìyàn ṣe lérò lọ, torí ìkùukùu tó yí i ká ń tàn bo òun fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí iná mọ́tò nínú kùrukùru ọyẹ́. Awò Hubble wò ó ní oṣù keje, ohun tí wọ́n sì lè sọ ni pé fífẹ̀ rẹ̀ kò lè ju kìlómítà 5.6 lọ. Ó lè kéré sí i gan-an. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á là á já ní wákàtí kan àti díẹ̀.

Awò ńlá àwọn ará Yúróòpù tó wà ní Chile rí níkẹ́ẹ̀lì, irú irin tí wọ́n ń fi ṣe owó ẹyọ, láìrí ilà irin lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn olùfẹ́ ariwo ti fò sókè: wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni. Wọ́n gbàgbé pé níkẹ́ẹ̀lì ti hàn lára Borisov àti lára ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ onírù tiwa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àlejò náà sì túbọ̀ súnmọ́ oòrùn, ilà irin náà yọjú.

Wọ́n tún rí ilà sáyánójìn, ìbátan sáyánáìdì. Àwọn ìyá wa tó ń yan gààrí mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń jẹ́ kó kan, tí wọ́n sì ń yan án kó tó kúrò, sáyánáìdì ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ó wà lára ìràwọ̀ onírù, ó sì ti dá jìnnìjìnnì sílẹ̀ rí. Ní 1910, wọ́n rí ilà rẹ̀ nínú ìrù Halley, wọ́n sì ti ṣírò rẹ̀ pé ayé máa gba inú ìrù náà kọjá ní oṣù karùn-ún. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé Camille Flammarion, onímọ̀ sánmà ará Faransé tí òkìkí rẹ̀ kàn, ní gáàsì náà lè pa gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń fi nǹkan dí ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wọn. Àwọn ọlọ́gbọ́n ọjà kan wá ń ta oògùn ìràwọ̀ onírù, hóró hóró. Ayé kọjá, ẹnikẹ́ni kò kú, torí ìrù náà fúyẹ́ ju èéfín lọ. Ẹ dà á bí ẹni da omi ẹ̀gẹ́ ìkòkò kan sínú òkun. Àwọn tó ta oògùn kò dá owó padà.

A kò mú ìtàn yẹn wá láti fi àwọn tó bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ilà tí wọ́n rí ní 1910 jẹ́ òótọ́, sáyánójìn wà níbẹ̀. Òótọ́ ìdajì ló dá ẹ̀rù sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 3I/ATLAS náà nìyẹn, àpẹẹrẹ tó sì dára jù ti ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí wá.

Ní aṣálẹ̀ Karoo, ní South Africa, àwo irin ńláńlá 64 wà tí wọ́n ń pè ní MeerKAT, tí wọ́n fi ń gbọ́ ìgbì rédíò láti òfuurufú. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, MeerKAT rí àmì kan lára 3I/ATLAS. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi gbalẹ̀ pé ìràwọ̀ onírù náà ń fi rédíò ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n rí jẹ́ ilà, irú èyí tí a ti ń sọ bọ̀, ṣùgbọ́n nínú ìgbì rédíò. Nígbà tí oòrùn bá la omi sí wẹ́wẹ́, ẹ̀là kan máa ń kù tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní OH, òun ló sì kọ ilà náà. Kò sí ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀. Omi ni wọ́n rí. Ní oṣù kejìlá, wọ́n tún fi awò rédíò Green Bank ní Amẹ́ríkà tẹ́tí sí i bóyá ẹ̀rọ kan ń dún níbẹ̀. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn wá pé iṣẹ́ tó gbé orúkọ Áfíríkà ga báyìí, irọ́ rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ wa kí òótọ́ rẹ̀ tó dé.

Nígbà náà, ta ló fi àwòrán pamọ́? Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ni 3I/ATLAS gba ẹ̀gbẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì kọjá, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 kìlómítà. Ọkọ̀ òfuurufú NASA tó ń yí Máàsì ká ti ya àwòrán rẹ̀ ní ọjọ́ 2. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 1 oṣù yẹn gan-an, owó ìjọba Amẹ́ríkà tán lọ́wọ́ torí pé àwọn aṣòfin kò fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ 43 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. NASA kò gbé àwòrán náà jáde títí di ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá. Nígbà tó wá jáde, kí ló wà níbẹ̀? Ohun funfun roboto kan tí etí rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ dáadáa, bí òwú. Àwọn ará Yúróòpù, tí ọkọ̀ tiwọn náà wà ní Máàsì, ti fi èyí tí wọ́n yà hàn kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Àwọn tó ń pariwo pé wọ́n fi í pamọ́ kò mẹ́nu ba ìyẹn rí.

Ìdájọ́ tiwa ni pé wọn kò fi nǹkan kan pamọ́, ṣùgbọ́n dídákẹ́ náà ní iye tó náni. Ilé iṣẹ́ tó ní àwòrán tí gbogbo ayé ń dúró dè kò yẹ kó ti ilẹ̀kùn láìfi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ tó máa sọ pé àwòrán wà, ẹ dúró dè wá. Àyè tó ṣófo yẹn ni àwọn olóhùn WhatsApp bá wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Loeb tún jáde, ó to àwọn nǹkan tó ṣàjèjì lára 3I/ATLAS jọ, ó ní kí wọ́n má ṣe yọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá olóye kúrò nínú èrò. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ohun tó ṣeé ṣe jù ni kó jẹ́ ìràwọ̀ onírù lásán. Ẹ wá fídíò Yorùbá kan tó tú apá yẹn, ẹ kò ní rí i.

Àwa náà kò gbọdọ̀ yọ ara wa sílẹ̀. Ní gbogbo oṣù kẹwàá yẹn, ẹni tó gbọ́ Faransé rí nǹkan kà. Ẹni tí Yorùbá nìkan ló gbọ́ kò rí nǹkan kan lójú ìwé yìí, torí a rò pé ọ̀rọ̀ sánmà kò kan ọlọ́jà. Ìyá aláṣọ tó bi wá léèrè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ra ọjà. Nígbà tó fi lọ, owó aṣọ ti lọ sókè nítorí ọdún. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún wa, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ ló lọ síbẹ̀.

Ìròyìn kan tún pẹ́ lọ́nà. Ọkọ̀ Yúróòpù kan tó ń jẹ́ Juice, tó ń lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà, wo 3I/ATLAS ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tó kúrò lẹ́bàá oòrùn tó sì ń tú gáàsì gidigidi. Ohun tó rí kò lè tètè dé, torí àwo ńlá tó yẹ kó fi ránṣẹ́ ni ó fi ṣe agbòòrùn nítorí ooru; oṣù kejì ọdún 2026 ni wọ́n retí rẹ̀ sí. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àṣírí, ẹ ti mọ ìdí tó fi pẹ́. Àárín oṣù kẹta ọdún 2026 ni àlejò náà gba ẹ̀gbẹ́ Júpítà kọjá, lẹ́yìn ìyẹn ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ kò fẹ́ kí ẹ̀kẹrin bá wọn lójú oorun. Ní Chile, awò ńlá tuntun tí wọ́n ń pè ní Vera Rubin ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ sánmà. Òun gan-an ti ya 3I/ATLAS ní oṣù kẹfà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Àwọn ará Yúróòpù àti Japan sì ń kan ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Comet Interceptor, tí wọ́n ní lọ́kàn láti fi ránṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 2029. Yóò lọ dúró sí ibì kan tó tó mílíọ̀nù kìlómítà kan àti ààbọ̀ sí ayé, láìtíì mọ ẹni tó ń dúró dè. Ìràwọ̀ onírù tiwa kan tí kò tíì súnmọ́ oòrùn rí ni wọ́n ń wá jù. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá bọ́ sí àsìkò, tí ọ̀nà rẹ̀ sì bá tiwọn mu, wọn kò ní máa ka ilà ojú rẹ̀ láti òkèèrè mọ́. Wọ́n á lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà.